Fóònù Ìyàwó Nìkan Kọ́ Ló Ní Ẹjọ́

Ọ̀rọ̀ yìí lè má dùn mọ́ àwọn bàbá kan nínú, ṣùgbọ́n ẹ bá wa kà á dópin.

Lemọ́lemọ́ ni àwọn ọkọ ń mú ẹjọ́ ìyàwó wọn wá bá wa nítorí WhatsApp. "Dádì, ó gbé fọ́tò ara rẹ̀ sí status." "Dádì, ó ń dá ọkùnrin lóhùn lórí Facebook." Bí a bá wá wo ojú ìwé ọkọ fúnra rẹ̀, èébú òṣèlú ló kún bẹ̀, ó ń bú àgbàlagbà tó tó bàbá tó bí i. Kò sẹ́ni tó fẹjọ́ tiẹ̀ sùn.

Fóònù kọ́ ló fà á, bí wọ́n ṣe tọ́ wa ni. Ọmọkùnrin lè pẹ́ níta, ọmọbìnrin gbọ́dọ̀ wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọmọ tó dára ni ti bàbá, èyí tó bàjẹ́ ni ti ìyá. Ohun tí a gbé wọ orí ayélujára náà nìyẹn. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ìyá fi ń lo fọ́tò ọmọ dípò ojú ara wọn. Bí obìnrin bá sì dá sí ọ̀rọ̀ ìlú, wọn ò ní fèsì sí ohun tó sọ, wọ́n á ní ṣé ó tiẹ̀ ti lọ́kọ.

A mọyì ìtẹríba o, kí ẹnikẹ́ni má ṣì wá gbọ́. Àmọ́ ilẹ̀ Yorùbá kan náà ló ní Ìyálóde, tó ní Ìyálọ́jà. Ta ló ti ọjà mọ́ obìnrin rí? Inú fóònù lọjà wà báyìí. Wákàtí 24 péré ni status ń lò kó tó pòórá. Ìyá tó ń ta ankárá níbẹ̀, tí ọkọ ní kó pa á rẹ́, owó ilé-ìwé ọmọ ló ń pa rẹ́ yẹn.

Lóòótọ́, gbájú-ẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, ẹ̀rù àwọn ọkọ kì í ṣe asán. Ṣùgbọ́n gbájú-ẹ̀ ò mọ akọ yàtọ̀ sí abo.

Ẹ ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 18. Prìsílà àti ọkọ rẹ̀ ni wọ́n jọ la ọ̀nà Ọlọ́run yé Àpólò, ọkùnrin tó mọ̀wé dáadáa. Ọkọ rẹ̀ ò ní kó panu mọ́.

Nítorí náà, láti ìsinsìnyí lọ, bàbá tó bá mú ẹjọ́ fóònù ìyàwó wá, fóònù tiẹ̀ la ó kọ́kọ́ gbà wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rí i pé iná wà nínú bátìrì rẹ̀ kí ẹ tó máa bọ̀.