“Kàwé Tán Ná”: Ìmọ̀ràn Tí Àkókò Rẹ̀ Ti Kọjá

Láti Adébáyọ̀ dé Ajílósùn ní Adó-Èkìtì, kò sí ọmọ tó wọ ọdún àṣekágbá ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí wọn kò tíì fún ní ìmọ̀ràn yìí: “Gbájú mọ́ ìwé rẹ. Kàwé tán ná, sìnlú tán, iṣẹ́ á wá ọ wá.” Bàbá sọ ọ́, ìyá ṣe àmín sí i, pásítọ̀ tún un sọ lórí pẹpẹ. Ìfẹ́ ló wà nídìí rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn burúkú ni.

Àwọn tó ń sọ ọ́ kò purọ́ o. Ayé tiwọn ni wọ́n ń ròyìn. Nígbà tí owó epo rọ̀bì ń wọlé wìtìwìtì, láàárín ọdún 1970 sí 1980, ẹni tó bá gboyè jáde yóò bá iṣẹ́ ìjọba nílẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá a sì máa wá ṣa èèyàn nínú ọgbà yunifásítì. Lọ́dún 1984, ìjọba ológun dá òṣìṣẹ́ dúró rẹpẹtẹ. Lọ́dún 1986, SAP, ètò àtúntò ọrọ̀-ajé, dé. Ọdún 1986 yẹn kan náà ni ìjọba àpapọ̀ dá NDE, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, sílẹ̀ nítorí àwọn ọ̀dọ́ tí kò ríṣẹ́ ṣe. Ó ti tó nǹkan bí 40 ọdún tí ìjọba fúnra rẹ̀ ti gbà pé iṣẹ́ kì í dúró de ẹnikẹ́ni mọ́. Yàrá ìgbàlejò àwọn òbí nìkan ni ìròyìn náà kò tíì dé.

Ẹni tó bá ṣiyèméjì, kó rántí ọjọ́ 15 oṣù Kẹta, ọdún 2014. Àjọ aṣọ́bodè, Immigration, ní iṣẹ́ tí kò tó 5,000. Àwọn tó san 1,000 náírà kọ̀ọ̀kan láti dù ú lé ní ìdajì mílíọ̀nù. Wọ́n kó wọn jọ sí pápá ìṣeré káàkiri orílẹ̀-èdè. Èèyàn tẹ èèyàn pa ní Àbújá, ní Port Harcourt, ní Minna, ní Benin. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà níbẹ̀ ló ti kàwé tán, tí wọ́n sì ti sìnlú tán, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti gbà wọ́n nímọ̀ràn.

Ẹ wo oṣù tó ń bẹ láàárín ìdánwò ìkẹyìn àti òpin ìsìnlú. Ìdánwò ìkẹyìn parí, alábòójútó prójẹ́ẹ̀tì ṣì ń fi bírò pupa fa ìlà sí orí kẹta. Èsì gbọ́dọ̀ dé Sẹ́nétì, orúkọ gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ NYSC, àjọ àgùnbánirọ̀, ìpè sì ń bọ̀ ní ìsọ̀rí ìsọ̀rí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ti àgọ́, ọdún kan gbáko ni ìsìnlú. Ẹni tó bá dúró dìgbà yẹn kó tó kọ ìwé ìwáṣẹ́ àkọ́kọ́ ti lè fi ọdún kan ààbọ̀ jókòó lásán. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ báńkì àti ilé-iṣẹ́ aṣírò-owó ń fi gbèdéke sí ọjọ́ orí àwọn tí wọ́n ń gbà láti kọ́ níṣẹ́, 26 ló sì sábà máa ń jẹ́. Ìyanṣẹ́lódì náà ti jẹ nínú ọdún wọn: ti ASUU, ẹgbẹ́ olùkọ́ yunifásítì, lọ́dún 2020 gba nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án. Ti ọdún 2022, láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì dé ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá, gba mẹ́jọ. Ọmọ tí méjèèjì bá lẹ́nu ẹ̀kọ́ kò ní ọdún tí yóò tún fi ṣòfò.

“Ta ni yóò gbà á síṣẹ́ láìsí ìwé-ẹ̀rí ìsìnlú?” Ìbéèrè gidi nìyẹn. Òfin NYSC ní kí agbanisíṣẹ́ béèrè ìwé-ẹ̀rí náà kó tó gbani síṣẹ́. Àmọ́ òfin kan náà kò ní kí ẹnikẹ́ni má wáṣẹ́, kó má ṣe ìdánwò ìgbanisíṣẹ́, kó má sì jẹ́ kí ẹni tó lè gbà á mọ orúkọ rẹ̀.

Àwọn mìíràn á ní máàkì ni yóò bàjẹ́. Ó yẹ kí wọ́n bẹ̀rù, torí ilé-iṣẹ́ tí kò ní wo ìwé ẹni tí kò ní 2:1 kò kéré. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ìṣirò sọ̀rọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ti ṣe yúníìtì 120, CGPA rẹ̀ wà lórí 3.20, yúníìtì 36 ló kù. Bó bá ní 4.50 jálẹ̀ ọdún náà, tí kò sùn, tí kò wo, 3.50 géérégé ni yóò bá jáde, ẹnu ọ̀nà 2:1 gan-an. Ẹni tó wà lórí 3.60, tó wá dẹwọ́ débi 3.00, yóò ṣubú sí 3.46. Nítorí náà, ẹni tó bá dúró létí ààlà ni ìmọ̀ràn “gbájú mọ́ ìwé” bá wí jù. Ẹni tó wà lórí 2.70 tàbí 4.10, ọdún kan ṣoṣo kò lè gbé e gòkè kúrò ní ìpele tó wà, ìdẹwọ́ díẹ̀ kò sì lè já a bọ́. Wákàtí mélòó kan lọ́sẹ̀ fún ìwáṣẹ́ kò ní pa á lára.

Ní Adó, orúkọ Afẹ́ Babalọlá ni wọ́n fi ń na ọmọ tí kò fẹ́ kàwé. Ìtàn ọkùnrin náà kò sì gbè wọ́n. Wọ́n bí i lọ́dún 1929, kò wọ kíláàsì ilé-ìwé girama rí. Nílé ló ti kàwé gboyè ọrọ̀-ajé ti Yunifásítì London, ó sì tún gboyè òfin. Ó ń ṣe olùkọ́, ó tún ṣiṣẹ́ ní Central Bank, kó tó di agbẹjọ́rò lọ́dún 1963. Ìwé àti iṣẹ́ jọ rìn ni. Ẹni tó dá yunifásítì ABUAD sílẹ̀ ní 2009 kò kàwé tán ná.

Àwọn ọmọ Poli pàápàá ń ṣe é lójú wa: láàárín ND àti HND, ọdún kan ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Láti ọdún 1973 ni ITF, àjọ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́, sì ti ń ṣe ètò SIWES, èyí tí gbogbo wa ń pè ní IT. Kí ni ọ̀pọ̀ fi í ṣe? Wọ́n á lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n bàbá wọn. Nígbà tó bá ku ọ̀la tí wọ́n máa fi logbook sílẹ̀, wọ́n á fi òru kan kọ iṣẹ́ oṣù mẹ́fà, bírò mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kó lè dà bíi pé ọjọ́ yàtọ̀ síra. Ọ̀gá á buwọ́ lù ú, olùkọ́ á fún wọn ní máàkì, ilé-iṣẹ́ tí ì bá mọ̀ wọ́n á sì wà lọ́hùn-ún láìmọ̀ wọ́n.

Àgọ́ NYSC ni ìyà IT tí wọ́n fi ṣeré ti ń yọjú. Ilé-iṣẹ́ lè kọ̀wé pé àwọn fẹ́ àgùnbánirọ̀ kan pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Ẹni tó ti ṣe IT dáadáa, tó ń fi ímeèlì kí ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, lè mú irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ dání dé ibẹ̀. Ẹni tí kò ní, ibi tí wọ́n bá gbé e sí ni yóò ti máa gba 77,000 náírà lóṣù fún ọdún kan, yálà ó bá iṣẹ́ tó kọ́ mu tàbí kò bá a mu. Òbí tó bá sì ní ọ̀rẹ́ tó lè kọ irú lẹ́tà yẹn, ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ṣì ń kọ orí kejì prójẹ́ẹ̀tì ni kó ti pè é.