Ogun Orí Tábìlì Yẹ Òkè Ṣábẹ

Àwọn àgbàlagbà kan wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ pé ogun ni wọ́n fi ń gbádùn òpin ọ̀sẹ̀, lórí tábìlì. Ère kékeré ni ọmọ ogun wọn, mìlímítà 28 sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ga. Wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín kun aṣọ, ìbọn àti ojú wọn, wọ́n á fi rúlà wọn ibi tí wọ́n lè rìn dé, dáìsì ni yóò sì sọ ẹni tí ọta bà. Òǹkọ̀wé H. G. Wells kọ òfin irú eré yìí sínú ìwé Little Wars lọ́dún 1913.

Ère obìnrin jagunjagun ìjọba Dáhọ̀mì wà lára ohun tí wọ́n ń rà, kí wọ́n lè tún ogun Faransé àti Dáhọ̀mì ti 1892 jà. Ó dáa. Ará Ṣábẹ, ìlú Yorùbá ní orílẹ̀-èdè Benin, wá ńkọ́? Dáhọ̀mì kógun ja ìlú yìí ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, orí àpáta sì ni àwọn èèyàn sá gùn. Ilẹ̀ tó dùn ún tẹ́ sórí tábìlì nìyẹn: ẹni tó wà lókè ń rí ọ̀tá látòkèèrè, àmọ́ ibo ni yóò ti rí omi mu?

Ère kékeré kò ṣàjèjì sí wa. Thomas Ọ̀nà Odùlàtẹ̀ ti Ìjẹ̀bú-Òde gbẹ́ ajẹ́lẹ̀ òyìnbó àti ọlọ́pàá láyé amúnisìn, ó sì fi yíǹkì pupa àti dúdú kùn wọ́n. Àwọn alágbẹ̀dẹ Àgbómẹ̀, olú ìlú Dáhọ̀mì àtijọ́, náà ń fi idẹ ṣe tiwọn. Páálí àti amọ̀ tó fún olùkọ́ ìtàn kan ní Ṣábẹ láti bẹ̀rẹ̀ irú eré ogun yìí. Kó kàn kọ́kọ́ bi àwọn àgbà léèrè agboolé wo ló gun òkè.