Lookman Nìkan Kọ́ Ló Na Leverkusen

Bí ẹ bá wọ ilé ìwòran bọ́ọ̀lù èyíkéyìí ní Ọ̀tùn-Èkìtì yìí, tí ẹ sì dárúkọ Ademola Lookman, ohun kan náà ni gbogbo wọn yóò sọ: góòlù mẹ́ta nínú àṣekágbá kan ṣoṣo. Òótọ́ ni. Lálẹ́ Ọjọ́rú, 22 oṣù Karùn-ún, ọdún 2024, ní ìlú Dublin, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí London yìí gbá bọ́ọ̀lù wọlé Bayer Leverkusen ní ìṣẹ́jú 12, 26 àti 75. Atalanta, ikọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, na Leverkusen 3-0, wọ́n gba ife ẹ̀yẹ Europa League. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń pe ìdíje náà bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó gbá mẹ́ta wọlé rí nínú àṣekágbá rẹ̀ ṣáájú Lookman. Agogo mẹ́jọ alẹ́ tiwọn sì ni agogo mẹ́jọ alẹ́ tiwa, kò sẹ́ni tó lè sọ pé oorun gbé òun lọ.

Àmọ́ ó ń dùn mí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa ń parí sórí ẹsẹ̀ Lookman. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dára, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ètò ló gbé bọ́ọ̀lù wá bá ẹsẹ̀ náà. Kò tíì ju oṣù mẹ́ta àti ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ ṣáájú ọjọ́ yẹn tí ẹsẹ̀ yìí kan náà wà ní Abidjan nínú aṣọ Super Eagles, nínú àṣekágbá ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà, a sì pàdánù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ẹni tí Atalanta bá pàdé. Leverkusen ti gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 51 léraléra láìsí ẹni tó nà wọ́n. Wọ́n gba líìgì Jámánì lọ́dún yẹn, nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 34, kò sí ọ̀kan tí wọ́n pàdánù. Xabi Alonso, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn nígbà náà, ti kọ́ wọn bí a ṣe ń kó bọ́ọ̀lù jáde láti ẹ̀yìn. Aṣọ́lé á fi fún Tah, Tah á fi fún Tapsoba, Tapsoba á dá a padà. Ẹ ó rò pé wọ́n ń fi àkókò ṣòfò ni, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń dúró de kí ẹ wá bá wọn ni. Bí ẹnì kan nínú yín bá sáré síwájú láìsí ẹni tó tẹ̀lé e, ẹ̀yìn onítọ̀hún ti ṣófo nìyẹn. Ibẹ̀ gan-an ni Xhaka yóò ti gba bọ́ọ̀lù, kí ẹ tó mọ̀, Wirtz ti dojú kọ ilé yín. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ikọ̀ fi ń rọra dúró sẹ́yìn fún wọn.

Gian Piero Gasperini, akọ́nimọ̀ọ́gbá Atalanta nígbà náà, kò dúró sẹ́yìn. Láti ọdún 2016 tó ti dé Bergamo, ìlú Atalanta, ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní ohun kan: ẹni kan fún ẹni kan, káàkiri pápá. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ará ẹ̀yìn mẹ́ta ni Leverkusen ní, Lookman, Scamacca àti De Ketelaere sì lọ ká àwọn mẹ́ta náà mọ́ ẹ̀yìn. Koopmeiners àti Éderson kò kúrò lára Xhaka àti Palacios. Zappacosta lọ pàdé Grimaldo lókè lọ́hùn-ún. Ibikíbi tí aṣọ́lé bá wò, ẹni tó fẹ́ gba bọ́ọ̀lù ti ní ẹni tó ń mí sí i lọ́rùn.

Ẹni tó bá ti bá àwọn ọdẹ wa jáde rí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí wọ́n yí igbó ká láti lé ọ̀yà, yóò tètè lóye rẹ̀. Kálukú ló ní ibi tó dúró sí. Bí ẹnì kan bá fi àyè rẹ̀ sílẹ̀, tó lọ ń sáré lé ẹran tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, àyè rẹ̀ ni ẹran yóò gbà jáde. Sísáré nìkan kì í ṣe kíká-mọ́. Ẹni mẹ́wàá gbọ́dọ̀ jọ gbéra lẹ́ẹ̀kan náà ni.

Góòlù kejì ló yẹ kí gbogbo olùkọ́ eré ìdárayá ní Èkìtì fi han àwọn ọmọ wọn. Leverkusen kò rí ọ̀nà àbáyọ, bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ wọn ní apá ilé tiwọn, Lookman sì wà nítòsí. Ẹ kíyè sí i pé kò ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré débẹ̀. Iṣẹ́ ẹ̀yìn tó ń ṣe níwájú ló mú un wà níbẹ̀. Ó ti bọ́ọ̀lù gba àárín ẹsẹ̀ Xhaka kọjá, ó gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan, ó sì fi ẹsẹ̀ ọ̀tún yí i láti ẹ̀yìn àpótí wọ igun ilé. Ìṣẹ́jú 26 péré la wà. Àwọn tí kò tíì pàdánù nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 51 ti ń wojú ara wọn.

Mo rò pé Alonso náà ṣì í ní ibì kan. Adli ló fi sí iwájú, kì í ṣe ẹni gíga tó lè fàyà gba bọ́ọ̀lù jíjìn. Bí wọ́n bá ká ọ mọ́ ẹ̀yìn, tí kò sí ẹni tí o lè gbá a sí lókè, ibo lo fẹ́ gbà? Lẹ́yìn ìsinmi ló tó mú Victor Boniface wọlé, ọmọ tí wọ́n bí sí Àkúrẹ́, nítòsí wa níbí. Ilẹ̀ ti ṣú.

Ká má tan ara wa: ètò Gasperini léwu. Bí ọ̀kan bá yọ̀ tàbí tó rẹ̀ ẹ́, ilé ti ṣí sílẹ̀ nìyẹn. Ó gba èémí, ó sì gba ìgboyà.

Ìgboyà yẹn la kò ní ní Abidjan ní 11 oṣù Kejì ọdún kan náà. Mi ò ní bú José Peseiro, akọ́nimọ̀ọ́gbá wa nígbà náà. Fífi ọ̀pọ̀ èèyàn ṣọ́ ẹ̀yìn ló gbé wa dé àṣekágbá. Ṣáájú àṣekágbá náà, Ivory Coast, Guinea-Bissau, Cameroon àti Angola kò rí góòlù kankan gbá wọlé wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí Troost-Ekong fi orí kan bọ́ọ̀lù wọlé ní ìṣẹ́jú 38, ńṣe la fà sẹ́yìn pátápátá. A fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún onílé, Ivory Coast tí a tún bá pàdé. Osimhen dá wà lókè, Lookman di ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn nítòsí ilé wa. Adingra gbé kọ́nà wá, Kessié fi orí kàn án wọlé ní ìṣẹ́jú 62. Adingra yìí kan náà tún gbé bọ́ọ̀lù wá fún Haller ní ìṣẹ́jú 81. Bí o bá jẹ́ kí èèyàn gbé bọ́ọ̀lù wá sí iwájú ilé rẹ ní ogún ìgbà, ìwọ náà mọ̀ pé ọ̀kan yóò wọlé.

Ohun tó ń ká mi lára ni pé àwọn ọmọ wa mọ kíká-mọ́ láti kékeré. Ẹ lọ wo bọ́ọ̀lù àdúgbò tí wọ́n ń pè ní monkey post ní ìrọ̀lẹ́ ní Ọ̀tùn, ní Ìkọ̀lé, tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ yunifásítì ní Ọ̀yẹ́. Àyè kò tó, ilé kéré, bí bọ́ọ̀lù bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ, o gbọ́dọ̀ gbà á padà lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dé orí pápá ńlá, a ó gba ọgbọ́n náà lọ́wọ́ wọn. Mo dúró létí pápá níbi tí ilé ẹ̀kọ́ méjì ti ń figagbága lágbègbè wa. Aṣọ́lé fi bọ́ọ̀lù fún ọmọ tó wọ nọ́ńbà 5. Ọmọ náà gbórí sókè, ó ń wá ẹni tó máa fún. Gbogbo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kẹ̀yìn sí i, wọ́n ń sáré lọ síwájú, olùkọ́ sì ń pariwo pé, "Gbá a dànù! Má fi ṣeré níbẹ̀ yẹn!" Ó gbá a dànù. Bọ́ọ̀lù lọ sínú koríko, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ọmọ yẹn ti rí ohun tó yẹ. Àwa la kò pèsè ẹni tó máa gbà á.

Pápá náà sì ní ẹ̀bi tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè fi ẹsẹ̀ tẹ bọ́ọ̀lù jẹ́jẹ́ lórí ilẹ̀ olókùúta tó ní kòtò níwájú ilé méjèèjì.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ eré ìdárayá wa ní Mọ̀bà, Ìdó-Òsì, Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé, mo fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ yín: nínú ìdánrawò, ẹ fi ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ sílẹ̀ fún kíkó bọ́ọ̀lù jáde láti ẹ̀yìn àti fún kíká-mọ́, ẹni kan fún ẹni kan. Ẹ má sì na ọmọ tó bá ṣì í lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Alága ìjọba ìbílẹ̀ wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rán katakata wá tẹ́ pápá àwọn ilé ẹ̀kọ́ wa kí òjò tó tún bẹ̀rẹ̀.