Ọbẹ̀ Tó Dùn, Ọwọ́ Ló Pa Á

Ẹ̀yin tí ẹ ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti lọ lo ọdún kan ní Beijing, mo mọ̀ pé àwọn tó ṣáájú yín ní ẹ̀ka wa ti ń gbà yín nímọ̀ràn. Wọ́n á ti ní kí ẹ di gààrí, kí ẹ di ata gígún, kí ẹ má gbàgbé aṣọ òtútù. Wọ́n á tún ti sọ fún yín pé bí ẹ bá ti débẹ̀, áàpù tí wọ́n fi ń pe oúnjẹ wá sí họ́sítẹ́ẹ̀lì ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sórí fóònù yín, nítorí ẹni tó bá ti ní in kò nílò láti bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ kó tó jẹun.

Èmi náà gba gbogbo ìmọ̀ràn wọ̀nyí lọ́dún tí mo lọ. Mo dúpẹ́ lórí ti gààrí. Ti áàpù yẹn ni mo fẹ́ takò. Kí la torí ẹ̀ lọ sí ìlú onílùú? Ṣé kì í ṣe pé ká lè bá wọn sọ̀rọ̀ ni? Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ wá búkà jiaozi kan nítòsí géètì yunifásítì yín, kí ẹ sì sọ ọ́ di ibi oúnjẹ ọ̀sán yín.

Fún ẹni tí kò tíì jẹ ẹ́ rí, ìyẹ̀fun àlìkámà ni wọ́n ń fi omi pò, wọ́n á tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, wọ́n á bu ẹran tí wọ́n ti gé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pẹ̀lú ẹ̀fọ́ sí i láàárín, wọ́n á ṣẹ́ ẹ po, wọ́n á tẹ ẹnu rẹ̀ pa. Ó jọ míìtì páì kékeré, àmọ́ wọn kì í yan án. Inú omi híhó ni wọ́n ti ń sè é. Wọ́n máa ń fi ooru sè é náà, wọ́n sì máa ń dín in, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n bọ̀ ni ọ̀pọ̀ ará àríwá Ṣáínà ní lọ́kàn tí wọ́n bá ti dárúkọ jiaozi. Búkà tí mo ń sọ yìí kò ní ẹwà kankan: tábìlì mẹ́jọ, àga onírọ́bà, ìgò ọtí kíkan àti abọ́ ata inú òróró lórí tábìlì kọ̀ọ̀kan, àti áyù tútù tí ẹ máa fọwọ́ ara yín bó. Orúkọ oúnjẹ àti iye rẹ̀ wà lára ògiri.

Ara ògiri yẹn ni mo ti kọ́kọ́ kó sí yọ́ọ́yọ́ọ́. Wọ́n kọ yuan 6 síbẹ̀, wọ́n wá kọ ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní liǎng tẹ̀ lé e. Kíláàsì ọdún kìíní wa ti kọ́ mi pé "méjì" ni liǎng, bí èèyàn bá ń ka nǹkan. Mo wá rò ó pé ẹyọ méjì ni wọ́n ń tà ní yuan 6. Mo sọ nínú ara mi pé oúnjẹ yìí mà wọ́n o, ṣùgbọ́n ebi ń pa mí, mo sì fẹ́ jẹ ẹyọ 12. Mo ṣe ìṣirò mi, mo nàka sí ara ògiri, mo ní mẹ́fà. Obìnrin tó ń gba owó wò mí, ó bi mí bóyá èmi nìkan ni. Mo fi ìgboyà dá a lóhùn pé èmi nìkan ni. Abọ́ mẹ́ta ni wọ́n gbé wá. Ẹyọ 36 ló wà nínú wọn.

Bàbá àgbàlagbà kan jókòó kojú mi, nítorí kò sí ẹni tó ń dá tábìlì ní lọ́wọ́ ọ̀sán níbẹ̀. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, a kì í jẹun lójú èèyàn ká má pè é. Mo ti abọ́ kan sọ́dọ̀ rẹ̀, mo fi ìwọ̀nba èdè Ṣáínà tí mo gbọ́ sọ pé kó wá jẹun. Kò mọ̀ pé "yóò gba ibi ire" là ń fi dáhùn. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó jẹ ẹyọ mẹ́ta, ó wá ṣàlàyé fún mi. Liǎng tó wà lára ògiri kì í ṣe méjì. Ìwọ̀n ni, gíráàmù 50. Ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ṣe èèpo jiaozi ni wọ́n sì ń fi í wọ̀n, kì í ṣe ohun tó wà nínú rẹ̀. Ní búkà yẹn, liǎng kan ń di ẹyọ 6. Bákan náà ni wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ méjèèjì, bákan náà ni wọ́n sì ń pè wọ́n.

Wọ́n bá mi di ìyókù sínú ike. Mo jẹ ẹ́ lálẹ́, mo tún jẹ ẹ́ láàárọ̀. Ọdún méjì ni mo fi ń bá liǎng pàdé nínú ìwé. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni bàbá yẹn fi kọ́ mi ní apá tó kù.

Láti ọjọ́ náà, liǎng mẹ́ta ni mo ń jẹ, yuan 18. Àwọn àgbà wa ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Òótọ́ ni, òun náà ló sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú wa máa fura sí oúnjẹ tí kò wọ́n. Èmi náà fura. Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo tó rí ohun tí kò jẹ́ kó wọ́n. Mo dé búkà náà ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, nígbà tí èrò ti fà. Obìnrin mẹ́ta jókòó yí tábìlì kan ká. Ọ̀kan ń tẹ́ ìyẹ̀fun: ọwọ́ ọ̀tún ń yí igi kékeré síwá sẹ́yìn, ọwọ́ òsì ń yí ìyẹ̀fun náà po, kí etí rẹ̀ lè fẹ́lẹ́ kí àárín rẹ̀ sì nípọn díẹ̀, torí àárín ló máa gbé ẹran. Àwọn méjì yòókù ń di ẹran sínú rẹ̀. Wọ́n ń tàkúrọ̀sọ, kò sì sí èyí tó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ nínú wọn.

Ẹran tó wà nínú jiaozi kan kò tó ṣíbí kan. Kábéèjì ló kún inú rẹ̀, tàbí ewé kan tó ń rùn bí áyù. Kò sí ohun olówó ńlá níbẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ló wà níbẹ̀. Kí àwọn àgbà má bínú, mo fi àmì díẹ̀ kún òwe wọn: ọbẹ̀ tó dùn, ọwọ́ náà lè pa á. Ọwọ́ yìí kì í sì í ṣe ti àná. Ní Astana, lẹ́bàá ìlú Turpan ní Xinjiang, àwọn awalẹ̀pìtàn rí jiaozi tó ti gbẹ nínú ibojì láyé ìjọba Tang (618 sí 907), ìrísí rẹ̀ sì jọ ti òde òní. Ìtàn àtẹnudẹ́nu tilẹ̀ sọ pé Zhang Zhongjing, oníṣègùn kan tó gbé ayé ní ìparí ìjọba Han, ló kọ́kọ́ sè é fún àwọn tálákà tí òtútù ti ba etí wọn jẹ́, tó sì ṣe é ní ìrísí etí.

Nítorí pé iṣẹ́ ti parí kí ẹ tó dé, oúnjẹ náà yá. Wọ́n á da jiaozi sínú omi híhó. Bí omi bá ti ń ru sókè, wọ́n á bu omi tútù lé e. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, kí inú lè jinná kí èèpo má bẹ́. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ lè jẹ ẹ́ láàárín kíláàsì méjì, kí ẹ má sì pẹ́. Omi tí wọ́n fi sè é, ọ̀fẹ́ ni, wọ́n á bù ú fún yín sínú abọ́. Wọ́n gbà pé omi tí a fi se oúnjẹ ló ń bá oúnjẹ náà dà nínú. Bóyá ó ń dà á, bóyá kò dà á, ní oṣù kìíní ọdún ní Beijing, ẹ óò mọ rírì abọ́ omi gbígbóná.

Ṣùgbọ́n owó àti àkókò kọ́ ni olórí ọ̀rọ̀ mi. Ẹnu ni. Nínú kíláàsì, àwọn olùkọ́ máa ń rọra sọ̀rọ̀ fún wa, torí wọ́n mọ̀ pé àlejò ni wá. Ní búkà, kò sí ẹni tó láyè ìyẹn. Èwo lẹ fẹ́ nínú rẹ̀? Bíbọ̀ ni àbí díndín? Liǎng mélòó? Ṣé ẹ máa jẹ ẹ́ níbí ni àbí ẹ máa gbé e lọ? Ìbéèrè mẹ́rin, lójoojúmọ́, pẹ̀lú èèyàn mẹ́fà tí ebi ń pa lẹ́yìn yín. Ní oṣù kìíní, ìka ni mo fi ń dáhùn. Nígbà tó di oṣù kẹta, mo ti ń bá obìnrin tó ni búkà jiyàn pé àwọn ti dín ewé inú rẹ̀ kù. Āyí ni mo ń pè é, bí àwa ṣe ń pe àbúrò ìyá wa ní Àǹtí. Àwa tí a kì í pe àgbà lórúkọ, èyí kò lè ṣòro fún wa.

Lọ́jọ́ kan tí mo ń kánjú, dípò kí n bèèrè shuǐjiǎo, ìyẹn jiaozi tí wọ́n bọ̀, shuìjiào ni mo bèèrè. Āyí ní kò sí bẹ́ẹ̀dì níbí. Oorun ni mo ti lọ bèèrè! Àwa tí a ń fi ohùn ya igbá sọ́tọ̀ kúrò lára ìgbà, a máa ń rò pé ohùn kò lè dà wá láàmú, ṣùgbọ́n ohùn tiwọn lè sọ̀ kó tún gun lórí sílébù kan ṣoṣo. Tó bá jẹ́ nínú kíláàsì ni, wọn ì bá fi gègé pupa fa ìlà sí i, ǹ bá sì gbàgbé. Ní búkà, gbogbo tábìlì ló rẹ́rìn-ín. N kò ṣì í sọ mọ́ títí di òní.

Áàpù kì í rẹ́rìn-ín. Mo lò ó náà, n kò ní purọ́. Mo lò ó lọ́sẹ̀ ìdánwò, mo lò ó nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀, mo sì mọ̀ pé iṣẹ́ líle ni àwọn tó ń fi alùpùpù gbé oúnjẹ kiri nínú òtútù yẹn ń ṣe. Ṣùgbọ́n mo rí ẹnìkan nínú wa tó jẹ́ pé láti kíláàsì ló ti ń lọ sí yàrá rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà họ́sítẹ́ẹ̀lì ló ti ń gba oúnjẹ ọ̀sán àti ti alẹ́. Oṣù bíi mélòó kan kọjá tí kò bá ará ìlú sọ ju "ẹ ṣé" lọ. Èmi kò fi í ṣe ẹlẹ́yà, ìtìjú àti òtútù ló tì í mọ́lé. Àmọ́ kì í ṣe èdè nìkan ló sọ nù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rù, ó sì ń sunkún lórí fóònù sí ìyá rẹ̀. Èèyàn kì í dá jẹun fún ìgbà pípẹ́ kó má ṣe é ní nǹkan.

Nǹkan mìíràn tún wà. Nígbà tí mo dé, tábìlì mẹ́jọ ló wà ní búkà āyí. Nígbà tí mo ń bọ̀ wálé, mẹ́fà ló kù. Pẹpẹ tí wọ́n ń to àpò oúnjẹ àwọn alálùpùpù sí ló gba àyè tó ṣẹ́kù. N kò bá āyí wí, ọ̀nà tí owó bá gbà wọlé ni oníṣòwò ń kọjú sí. Ṣùgbọ́n tábìlì méjì yẹn, àyè èèyàn mẹ́jọ ni. Ọ̀kan nínú wọn ì bá jẹ́ bàbá tó máa sọ fún yín pé liǎng kì í ṣe méjì. Àwa tí a ń jókòó la lè jẹ́ kí mẹ́fà tó kù wà níbẹ̀.

Mo ti ń gbọ́ àwáwí yín. Ẹ̀yin Mùsùlùmí á ní ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ló kún ibẹ̀. Òótọ́ ni, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi ti ẹyin àti ewé tàn yín, torí ìkòkò kan náà ni wọ́n lè ti bọ̀ ọ́. Ibi tí wọ́n bá kọ qīngzhēn sí lára pátákó ni kí ẹ wọ̀; oúnjẹ hàlâl ni wọ́n ń tà níbẹ̀, ẹ óò rí ti ẹran àgùntàn àti kárọ́ọ̀tì, ẹ óò rí ti ẹran màlúù àti àlùbọ́sà. Agbègbè Niujie, níbi tí mọ́sálásí àtijọ́ wà, kún fún irú ilé oúnjẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní kò ta lẹ́nu, abọ́ ata wà níwájú yín. Ẹ̀yin tí ẹ ní kò lè yó yín, ẹ bèèrè liǎng mẹ́rin.

Ní àríwá Ṣáínà, wọ́n máa ń sọ pé jiaozi ni wọ́n ń sè fún ẹni tó ń rìnrìn àjò lọ, núdù ni wọ́n ń sè fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mo fẹ́ gbéra, liǎng mẹ́ta ni mo bèèrè. Mẹ́rin ni āyí gbé wá, ó sì kọ̀, kò gba owó rárá. Ó ní kí n kí ìyá mi. Mo lóye gbogbo ọ̀rọ̀ tó sọ, mo sì rí èsì fọ̀.

Nítorí náà, ẹ di gààrí yín, ẹ di ata yín. Bí aago méjìlá ọ̀sán bá lù, ẹ fi fóònù sápò, ẹ lọ jókòó. Bí wọ́n bá bi yín pé liǎng mélòó, ẹ má ṣe ní mẹ́fà.