Mo Ra Alùpùpù, Mo Sì Tún Di Ọmọ Ilé-Ìwé

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá kọjá ní Aké ní òwúrọ̀ Sátidé kan, tí ó rí bàbá kan tí irun rẹ̀ ti funfun lórí alùpùpù pupa, tí ó di ọwọ́ rẹ̀ mú bí ẹni tí ó di màlúù tí ó fẹ́ já mú, kí ó má ṣe wádìí lọ títí: èmi ni. Mo ti ra alùpùpù. Àwọn aládùúgbò mi ti rẹ́rìn-ín tẹ́rùn, nítorí náà kò sí ìtìjú kankan mọ́ bí mo bá sọ ìtàn náà fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀.

Owó epo ni ó fà á. Ẹ ó rántí pé ní ọjọ́ 29 oṣù May, ọdún 2023, ni ìjọba àpapọ̀ kéde pé òpin ti dé bá owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù. Láàrin ọjọ́ mélòó kan, lítà kan tí a ń rà ní owó tí kò tó ₦200 fò dé nǹkan bí ₦500. Nígbà tí ọdún 2024 yóò fi parí, ó ti dé nǹkan bí ₦1,000. Ọ̀nà Ọdẹ́dá ni ilé-ìwé tí mo ti ń kọ́ni wà. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ mi ti dàgbà, ó sì ń mu epo bí ọ̀mùtí tí ó rí ẹmu ọ̀fẹ́. Mo gbé e sí ẹ̀yìnkùlé, àwọn adìyẹ ìyàwó mi sì sọ abẹ́ rẹ̀ di ilé. Mo wá ń wọ tasí lónìí, mo ń wọ ọ̀kadà lọ́la, owó oṣù sì ń tán kí oṣù tó dé ìdajì.

Mo jókòó, mo ṣe ìṣirò bí tíṣà. Alùpùpù kékeré irú èyí tí àwọn ọlọ́kadà ń gùn lè fi lítà epo kan rin 40 kìlómítà, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ bí a kò bá fi ìwàǹwára gùn ún. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwa olùkọ́ yá mi ní ìdajì owó náà. Ìdajì kejì wà lọ́wọ́ ìyá àwọn ọmọ mi, tí ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, nínú èsúsú tí ó ti ń dá fún ọdún méjì gbáko. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ gbé wà.

Ó gbọ́ àlàyé mi tán, kò dáhùn. Ó ká aṣọ mẹ́ta, ó tò wọ́n lé ara wọn. Nígbà tí ó yá, ó ní, “Bàbá wọn, ẹ rántí àbúrò mi.” Mo rántí rẹ̀. Ẹ̀yìn ọ̀kadà ni ó wà nígbà tí ikú pa á ní ọdún 2007. Kò sí akoto lórí rẹ̀, kò sì sí lórí ẹni tí ó gbé e. Ìyàwó mi ní, “Owó èsúsú kò ṣòro, ẹ ó gbà á. Ṣùgbọ́n akoto méjì ni ẹ ó rà, ẹ ó sì wá ẹni tí ó mọ̀ ọ́n gùn kí ó kọ́ yín. Ẹ kò sì ní gbé mi títí èmi fúnra mi yóò fi sọ pé ó tó.” Mo ní mo gbà.

Èyí tí wọ́n ń pè ní Boxer ni mo rà, tí ilé-iṣẹ́ Bajaj ti ilẹ̀ Íńdíà ń ṣe. Nígbà tí a wà ní kékeré, Honda ni a mọ̀. Super Cub ti Honda, tí àwọn ará Jàpáàn kọ́kọ́ mú jáde ní ọdún 1958, tàn ká ayé tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ní ọdún 2017 wọ́n ti ṣe é ju 100 mílíọ̀nù lọ. Honda tilẹ̀ wá kọ́ ilé-iṣẹ́ tí a ti ń to alùpùpù sí Ọ̀tà, ní ìpínlẹ̀ wa yìí, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ṣùgbọ́n ayé ń yí, ti Íńdíà ni ó gba òde báyìí.

Ẹni tí ó tà á fún mi sọ ọ̀rọ̀ kan tí mo kọ sínú ìwé. Ó ní, “Alàgbà, ẹ má ṣe lé e o. Ẹ́ńjìnnì tuntun dà bí bàtà tuntun.” Òótọ́ ni ó sọ. Àwọn irin inú ẹ́ńjìnnì tuntun kò tíì mọ ara wọn. Òrùka tí ó yí písítìnì ká ṣì ní láti fi ara ra ògiri ibi tí ó ti ń lọ tí ó ń bọ̀, títí àwọn méjèèjì yóò fi bá ara wọn mu. Bí a bá fi eré àsápajúdé bẹ̀rẹ̀, tàbí tí a di ẹrù wúwo lé e, ooru yóò pọ̀ jù, ẹ́ńjìnnì náà yóò sì darúgbó ní kékeré. Ẹ̀rún irin tí ó bá ha kúrò yóò bọ́ sínú ọ́ìlì. Ìdí nìyí tí a fi ń tètè pààrọ̀ ọ́ìlì àkọ́kọ́, nígbà tí a bá ti rin nǹkan bí 500 kìlómítà.

Ó wá ku ẹni tí yóò kọ́ mi. Mo lọ sí ibi tí àwọn ọlọ́kadà àdúgbò wa ń dúró sí, wọ́n sì tọ́ka sí ẹnì kan fún mi pé òun ni ó ní sùúrù jù nínú wọn. Bí ó ti rí mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ nínú eruku. “Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ kò dá mi mọ̀?”

Mo wò ó, mo dá a mọ̀, ara mi sì bù máṣọ. Mo kọ́ ọ ní ìwé karùn-ún ní ọdún 1998. Ìṣirò kò yé e. Lọ́jọ́ kan mo pè é síwájú pátákó kí ó wá ṣe ìdá, kò mọ̀ ọ́n ṣe. Mo nà án, mo sì sọ lójú gbogbo kíláàsì pé orí òkúta ni orí rẹ̀, pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè kọ́ ọ láyé tí yóò mọ̀. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí sáà mìíràn wọlé, kò padà wá mọ́.

Ọkùnrin yìí ni ó gbé mi lọ sí pápá ìṣeré ilé-ìwé kan ní aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ Sátidé. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò gùn ún rí. Ọwọ́ òsì ni ó ń di kúlọ́ọ̀ṣì mú, ẹsẹ̀ òsì ni ó ń yí jíà. Ọwọ́ ọ̀tún ni ó ń lọ́ ohun tí ń mú un sáré, òun kan náà ni ó sì ń fa bíréèkì iwájú. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni ó ń tẹ bíréèkì ẹ̀yìn. Ọwọ́ méjì, ẹsẹ̀ méjì, iṣẹ́ márùn-ún. Ojú kò sì gbọdọ̀ kúrò lọ́nà. Mo tú kúlọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, alùpùpù fò sókè bí àgbò, ó sì kú. Mo tún un ṣe, ó tún kú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí jágbe mọ́ ọn.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi ìjelòó ní, “Ẹ rọra, sà. Ẹ má bínú sí i, kò mọ̀ pé tíṣà ni yín.” Ó gbé ìka rẹ̀ lé ìka mi lórí kúlọ́ọ̀ṣì náà, ó jọ̀wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí a ń tú okùn fún àgùntàn. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì kú lẹ́ẹ̀kọkànlá, mo wo ojú rẹ̀, mo ń retí kí ó rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ tún un ṣe, sà. Ó kù díẹ̀.” Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn lóru ọjọ́ náà. Mo ti kọ́ni fún ọdún tí ó lé ní 25. Ọmọ mélòó ni mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún nígbà tí ó kùnà lẹ́ẹ̀kọkànlá?

Ní Sátidé kẹta ó ní mo lè dá lọ. Mo gbéra ní Aké, mo gba Adátán, mo kọjá Ọbáńtókó, mo forí lé Òṣíẹ̀lẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń wà nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ẹ kò tíì mọ Abẹ́òkúta tán. Láti ọdún 1830 tí àwọn Ẹ̀gbá ti tẹ̀dó sábẹ́ Olúmọ, òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ìlú yìí, ṣùgbọ́n orí alùpùpù ni mo ti mọ̀ ọ́n pẹ̀lú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ mi. Bí òkè bá dé, ẹ́ńjìnnì á máa mí hẹlẹhẹlẹ, mo ní láti bọ́ sí jíà ìsàlẹ̀. Òórùn àkàrà lu imú mi, lẹ́yìn náà òórùn gàrí tí wọ́n ń yan, lẹ́yìn náà òórùn ewéko tútù nígbà tí ilé bẹ̀rẹ̀ sí tán. Kòkòrò kan kọlu ojú mi, mo sì mọ ìdí tí gíláàsì fi wà níwájú akoto. Inú mi dùn. Kí n má purọ́, mo tilẹ̀ ń kọrin.

Ìgbéraga ní í ṣíwájú ìṣubú. Nígbà tí mo ń padà bọ̀, kí n tó dé Adátán, ewúrẹ́ kan bọ́ sí títì níbi tí wọ́n da iyanrìn ìkọ́lé sí. Mo fi gbogbo agbára fa bíréèkì iwájú. Lórí ilẹ̀ gbígbẹ, bíréèkì iwájú ni ó lágbára jù láti dá alùpùpù dúró. Ṣùgbọ́n lórí iyanrìn, bí a bá já a gbà lójijì, táyà iwájú yóò yọ̀ ni. Ó yọ̀. Mo bá ara mi nílẹ̀, alùpùpù ní ẹ̀gbẹ́ mi, ewúrẹ́ náà ń wò mí. Eékún mi bó, akoto mi sì fi ẹ̀gbẹ́ kan gbo títì kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Mo gbọ́ ariwo náà nínú etí mi. Bí kì í bá ṣe akoto, orí mi ni ìbá ké bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró níbi ọ̀rọ̀ akoto. Ní oṣù January ọdún 2009, nígbà tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó bẹ̀rẹ̀ sí fi agbára mú ọlọ́kadà àti èrò láti dé akoto, àwọn kan ní Kánò dé igbá lórí kí ọlọ́pàá má bàa mú wọn. A rẹ́rìn-ín nígbà náà, ṣùgbọ́n ta ni wọ́n ń tàn jẹ? Àwọn oníṣègùn tí wọ́n ṣe àkójọ ìwádìí lórí rẹ̀ ní ọdún 2008 rí i pé akoto ń dín ewu ikú kù ní nǹkan bí 42 nínú 100 fún ẹni tí ó bá ní jàǹbá alùpùpù, ó sì ń dín ewu kí ó ṣèṣe ní orí kù ní nǹkan bí 69 nínú 100. Ṣùgbọ́n ẹ de okùn rẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n o, nítorí èyí tí a kò dè yóò fò lọ kí orí tó kanlẹ̀. Èyí tí ó bá sì ti gba ìlù lẹ́ẹ̀kan, ẹ má ṣe dé e mọ́; agbára inú rẹ̀ ti tán bí ìta rẹ̀ tilẹ̀ dára.

Ìyàwó mi wo akoto tí ó gbo náà fún ìgbà pípẹ́. Kò bá mi jà. Ó kàn án mọ́ ìṣó lára ògiri yàrá àlejò wa, níbi tí n ó ti máa rí i kí n tó jáde. Ó ní, “Ẹ lọ ra òmíràn. Ẹ sì padà sọ́dọ̀ ẹni tí ń kọ́ yín.”

Mo padà lọ. Mo sọ bí mo ti ṣubú fún un. Lẹ́yìn náà mo sọ ohun tí ó ti wà lọ́kàn mi láti Sátidé àkọ́kọ́: mo ní ohun tí mo sọ ní ọdún 1998 burú, irọ́ sì ni, kí ó dárí jì mí. Ó wolẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, “Sà, mo rántí. Tábìlì tí ẹ kọ́ wa ni mo fi ń ṣírò ṣéńjì fún èrò lójoojúmọ́. Ìdá yẹn nìkan ni kò yé mi títí di òní.” Kò sọ pé kò dun òun. Èmi náà kò bèèrè.

Láti ìgbà náà, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òun ni ó ń wá sí ilé mi. Lítà epo kan ni a fi bẹ̀rẹ̀: ìdajì rẹ̀, ìdá mẹ́rin rẹ̀, iye tí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin yóò jẹ́ lówó. Bí ó bá kùnà, ẹ̀yin ti mọ ohun tí mo ń sọ: tún un ṣe, ó kù díẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, nígbà tí mo ti pààrọ̀ ọ́ìlì àkọ́kọ́, tí mo ń ti alùpùpù jáde lówùúrọ̀, ìyàwó mi jáde pẹ̀lú akoto kejì lórí gèlè rẹ̀. Mo ní kí ó tú gèlè kí akoto lè jókòó dáadáa. Ó tú u, ó ká a sínú báàgì, ó de okùn lábẹ́ àgbọ̀n. Ó ní, “Ó tó. Ẹ gbé mi dé Ìtòkú. Ẹ rọra o.”

Mo rọra. Ọlọ́kadà mẹ́fà ni ó yà wá sílẹ̀ lọ, tí wọ́n ń fun fèrè sí wa. Mo jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o.