Owó iṣẹ́ obìnrin: Ibi tí òfin kò dé ní Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù

Nígbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lu òfin tuntun lórí owó oṣù tó kéré jù lọ ní oṣù Keje, ọdún 2024, owó náà kúrò ní N30,000, ó di N70,000. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, Gómìnà Adémọ́lá Adélékè fi díẹ̀ kún un, ó sọ ọ́ di N75,000. Olùkọ́ obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní Ìkìrun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ọkùnrin tí wọ́n jọ wà ní ipele kan náà, ìwọ̀n kan náà ni ìjọba fi ń san owó wọn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo obìnrin ló ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Ní Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù, ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé oko, ibi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí, ibi tí wọ́n ti ń ṣe epo pupa, ilé ẹ̀kọ́ aládàáni àti ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé ni wọ́n ti ń wá oúnjẹ òòjọ́. Ibẹ̀ gan-an ni òfin náà kò dé. Òfin fúnra rẹ̀ ló yọ iléeṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀. Ó tún yọ àwọn tí kì í ṣiṣẹ́ ní gbogbo ọjọ́, àwọn tí wọ́n ń sanwó fún níye ẹrù tí wọ́n bá ṣe, àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìgbà dé ìgbà bíi iṣẹ́ oko. Lóòótọ́, òfin yìí yọ ọkùnrin náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo bí ó ṣe kan obìnrin.

Lóko, ọkùnrin ló sábà máa ń ṣán igbó tó sì máa ń kọ ebè. Obìnrin ló sábà máa ń ru ẹrù, tó ń bẹ ẹ̀gẹ́, tó sì ń yan gàrí. Alágbàṣe tó fẹ́ kọ ebè yóò ti dúnàádúrà kó tó gbé ọkọ́. Ẹni tó ń bẹ ẹ̀gẹ́ ńkọ́? Iye abọ́ tó bá bẹ kún ni yóò gbowó lé lórí. Bí ẹ̀gẹ́ bá kéré, iṣẹ́ yóò pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, owó kò sì ní lé.

Bí wọ́n bá bi olóko, yóò ní òun kò ya obìnrin sọ́tọ̀, iṣẹ́ wọn ló yàtọ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ló díye lé iṣẹ́ náà? Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n wú, tí wọn kò tètè bẹ, láàrin ọjọ́ mélòó kan ni yóò bàjẹ́, wàhálà ẹni tó kọ ebè yóò sì já sí asán. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Iṣẹ́ méjì lè yàtọ̀, kí wọ́n sì níye lórí bákan náà.

Ohun tí àdéhùn Àjọ Òṣìṣẹ́ Lágbàáyé, ILO, ti ọdún 1951 sọ nìyẹn: iṣẹ́ tó bá níye lórí bákan náà, owó kan náà. Nàìjíríà tẹ́wọ́ gba àdéhùn yìí lọ́dún 1974. Òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 náà, ní abala 17, ní kí owó iṣẹ́ má yàtọ̀ nítorí akọ tàbí abo. Ṣùgbọ́n abala 6 òfin yẹn kan náà kò jẹ́ kí ènìyàn lè tìtorí rẹ̀ pẹjọ́. Àtúnṣe ọdún 2010 fún ilé-ẹjọ́ tó ń rí sí aáwọ̀ òṣìṣẹ́ lágbára láti lo irú àdéhùn àgbáyé bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, obìnrin tí kò ní ìwé àdéhùn kankan lọ́wọ́, kí ni yóò kó lọ síwájú adájọ́? Owó lọ́yà nìkan lè ju gbèsè tí wọ́n jẹ ẹ́ lọ. Àbá òfin lórí ẹ̀tọ́ ọgbọọgba tí wọ́n gbé wá sílé aṣòfin àgbà lọ́dún 2016 kò yọrí.

Àwọn kan ní ọkùnrin ló ń gbé bùkátà ilé, òun ló yẹ kí owó rẹ̀ pọ̀. Bí ó bá jẹ́ bùkátà ni wọ́n ń wò, opó tó ń tọ́ ọmọ mẹ́rin ì bá máa gba owó ju àpọ́n lọ. Kò sẹ́ni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìlú òyìnbó náà kò ṣàì rí irú èyí. Lọ́dún 1968, àwọn obìnrin tó ń rán aṣọ ìjókòó ọkọ̀ níléeṣẹ́ Ford ní Dagenham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí pé wọ́n ka iṣẹ́ wọn sí èyí tí kò gba ọgbọ́n. Ọdún 1970 ni òfin owó ọgbọọgba jáde níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó di ọdún 1984 kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ ìránṣọ náà sí ipele tó yẹ ẹ́.

Kò pọn dandan kí Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù dúró de Àbújá. Àwọn tó ń bẹ ẹ̀gẹ́ lè fẹnu kò lórí iye owó abọ́ kan kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí owó náà lé nígbà tí ẹ̀gẹ́ bá kéré. Àwọn tó ni ilé ẹ̀kọ́ aládàáni lè kọ owó ipò kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kí wọ́n tó mọ ẹni tí yóò gbà á. Àwọn ìyálọ́jà àti olórí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sì lè jókòó ti àwọn olóko lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá ti mọ iye tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, yóò ṣòro kí wọ́n tó rẹ́ ẹ jẹ.