40 Kí Ni?

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n sáré gbé ọmọ ọdún 5 kan jáde ládùúgbò wa. Ibà ló ń ṣe é. Ìyá rẹ̀ gbé e lé òṣùwọ̀n tí àǹtí rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, ó rí 40, ó sì lọ sọ 40 fún ọmọ tó ń ta oògùn. Onítọ̀hún wo ara páálí oògùn ibà, ó rí i pé ẹni tó bá ti tó kílò 35 sókè, hóró 4 ni yóò lò lẹ́ẹ̀kan. Ló bá ka 4. Oògùn àgbàlagbà fún ọmọ tí eyín àkọ́kọ́ rẹ̀ ò tíì ká! Ọpẹ́lọpẹ́ nọ́ọ̀sì kan tó wo ọmọ náà lókè nílẹ̀, tó ní, “Ta ló sọ pé èyí tó kílò 40?”

Kò tó o. Pọ́n-ùn ni òṣùwọ̀n Amẹ́ríkà ń kà. Pọ́n-ùn 40 ò ju nǹkan bíi kílò 18 lọ, hóró 2 sì ni ẹni tó wà láàárín kílò 15 sí 24 ń lò lẹ́ẹ̀kan nínú Artemether-Lumefantrine 20/120 tí gbogbo wa mọ̀.

Àṣìṣe yẹn kọ́ ló ń bí mi nínú. Èsì tí wọ́n fọ̀ ni: “Ṣebí 40 náà ni 40?” Ẹ̀yin èèyàn mi, 40 kí ni? Ẹyin 40 àti kéréètì ẹyin 40, ṣé ọ̀kan náà ni? Ẹ lọ sọ fún ìyá oníràìsì pé kọ́ńgò 3 àti agolo mílíìkì 3 ò yàtọ̀, ẹ ó gbọ́ èébú. Nígbà tí náírà dé ní 1973, náírà 2 ni wọ́n ń fi pààrọ̀ owó pọ́n-ùn 1. Bàbá wo ló máa gba náírà 1 kó sì dákẹ́? Ta nínú yín ló máa san owó gáàsì kílò 12, kó gba pọ́n-ùn 12 lọ sílé? Ọ̀rọ̀ owó àti gáàsì, ojú wa là kedere. Ó wá kan ara ọmọ, nọ́ńbà ò yàtọ̀ mọ́!

Àwọn ọ̀mọ̀wé náà ti kó sí i. Ní oṣù Keje 1983, ọkọ̀ òfurufú Air Canada kan nílò epo kílò 22,300. Pọ́n-ùn 22,300 ló gbé gbéra. Epo tán lókè réré. Ọgbọ́n awakọ̀ ló fi bà sí Gimli ní Canada láìsí ẹni tó kú.

Bí ẹ bá rí pọ́n-ùn, ẹ pín in sí méjì, kí ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá kúrò lára ìdajì yẹn. Ìdajì 40 ni 20, ẹ yọ 2, ó ku 18. Báàgì kílò 23 tí ẹ ń gbé lọ sókè òkun, bíi pọ́n-ùn 50 ni.

Ẹ dojú òṣùwọ̀n ilé yín dé. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ nínú èyí tó ń lo bátìrì, bọ́tìnnì kékeré kan wà tó ń yí lb (pọ́n-ùn) padà sí kg (kílò). Ẹ tẹ̀ ẹ́ lónìí. Bí kò bá ní, ẹ mú máákà, kí ẹ kọ PỌ́N-ÙN gàdàgbà sójú rẹ̀. Ẹ̀yin tó ń ta oògùn, ẹ wo ọmọ kí ẹ tó ka hóró. Ẹ béèrè: kílò ni àbí pọ́n-ùn? Bí ìyá ò bá mọ̀, ẹ gbé ọmọ náà lé òṣùwọ̀n tiyín.